Bí a ṣe lè dín ọ̀rá kù nínú ìkòkò ọbẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí ọbẹ̀ má sì di omi

Bí ẹ bá bi ìyá elépo ní ọjà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde, bóyá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ohun bí ọ̀rá tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, wà nínú epo rẹ̀, yóò ní rárá o, epo òun mọ́ tónítóní. Kò parọ́. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí à ń jẹ, ara ẹranko ló ti ń wá: ẹran, ẹyin, wàrà, ẹja. Kò sí nínú epo pupa, kò sí nínú òróró ẹ̀pà, kò sí nínú àdí pàápàá. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò òróró pé tiwọn kò ní in, ohun tí kò sí níbẹ̀ rí ni wọ́n fi ń yangàn.

Ohun tó yẹ ká bi elépo yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọ̀rá tó máa ń dì ló yẹ ká wádìí, irú èyí tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ ìgò epo nígbà ọyẹ́, tàbí tó máa ń bo ojú omi ẹran tí ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú. Òun gan-an ló ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ju kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá yìí. Ti àdí àti ti òróró àgbọn ju ìdajì lọ fíìfíì, ó ń lọ sí nǹkan bí 80 nínú 100. Ti òróró ẹ̀pà kò ju bíi 17 sí 20 nínú 100 lọ, ti sóyà sì tún kéré sí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara wa. Ara nílò rẹ̀, kò burú ní tirẹ̀. LDL ni orúkọ ohun tó ń gbé e kiri inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ní bí ìkọ́ kéékèèké lójú ara rẹ̀ tó fi ń já LDL tó bá ń kọjá gbà padà. Àwọn onímọ̀ méjì ará Amẹ́ríkà, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló ṣàwárí àwọn ìkọ́ wọ̀nyí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1985. Tí ọ̀rá dídì bá pọ̀ nínú oúnjẹ ẹni, àwọn ìkọ́ náà á dín kù. LDL á wá máa rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀, á máa wọ ara ògiri òpójẹ̀, ibẹ̀ á máa wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á máa há. Lọ́jọ́ tí ibi tó wú náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí. Tó bá jẹ́ òpójẹ̀ ọkàn ló ṣẹlẹ̀ sí, ọkàn á dákú tàbí kó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí irora kankan ní gbogbo ọdún tó fi ń kó ara rẹ̀ jọ.

Ìdí nìyí tí ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ẹyin fi pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹyin ńlá kan ní nǹkan bí 185 mílígíráàmù kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọ̀rá dídì inú rẹ̀ kò tó gíráàmù méjì. Òfin àtijọ́ pé ká má jẹ ju 300 mílígíráàmù kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ lójúmọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò nínú ìmọ̀ràn ìjẹun wọn láti 2015. Wọn kò ní ká wá máa kó ẹyin mì bí ẹ̀wà o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ga, kó bi dókítà rẹ̀ iye tó yẹ òun.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkòkò, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

*Lipid profile*, ìyẹn àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ni kí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá kí ẹ má jẹun wá, nítorí ilé àyẹ̀wò kan yàtọ̀ sí òmíràn. Bí èsì bá dé, ẹ wo LDL. Tí kò bá tó 100 mg/dL, ó dára. Tó bá wà láàárín 130 sí 159, ó ti ń kọjá àyè rẹ̀. Tó bá tó 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nìkan mọ́, nítorí àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń bí èyí mọ́ wọn. Ìwé àyẹ̀wò míràn máa ń lo mmol/L. 100 mg/dL jẹ́ 2.6 níbẹ̀.

Ẹ má wo ara ẹni o. Tínínrín wà tí LDL rẹ̀ ga, sísanra sì wà tí tirẹ̀ dára.

Ẹ wọn epo ilé yín

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò mọ iye epo tí wọ́n ń jẹ, torí pé ojú ni a fi ń dá epo. Ẹ kọ déètì sára ìgò lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, kí ẹ kọ ọjọ́ tó tán sílẹ̀, kí ẹ wá fi iye ẹni tó ń jẹun nínú ilé pín in. Ẹ jẹ́ ká fi ìgò 75cl ṣe é: epo inú rẹ̀ wọn tó 680 gíráàmù, bí ìdajì rẹ̀, 340, ni ọ̀rá dídì. Tí ẹni mẹ́rin bá jẹ ẹ́ tán lọ́sẹ̀ kan, gíráàmù 12 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá dídì má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún wa lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 22. Ẹ rí i pé epo nìkan ti gba ju ìdajì lọ, a kò tíì ka ẹran, mílíìkì, ẹyin, kéèkì ìsinmi ọjọ́ Sunday.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jáwọ́ nínú dída epo láti ẹnu ìgò sínú ìkòkò. Ṣíbí ńlá ìjẹun ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí kan epo pupa ní tó gíráàmù 7 ọ̀rá dídì.

Ayamase ni iṣẹ́ wà

Ọbẹ̀ yìí, tí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ máa ń pè ní tiwọn, tí gbogbo ayé sì ti gbà lọ́wọ́ wọn, òun ni mo fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé epo ló ń léfòó lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tún gbà pé jíjó tí a ń jó epo rẹ̀ títí á fi funfun máa ń lé ọ̀rá inú rẹ̀ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọ̀ pupa ni iná ń pa, àwọ̀ náà sì ni ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A. Ọ̀rá dídì rẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ohun rere epo la jó dànù, a sì fi èyí tí à ń sá fún sílẹ̀.

Ọbẹ̀ ẹni mẹ́wàá tí wọ́n da ife epo méjì sí, tí wọ́n sì jẹ gbogbo epo rẹ̀, ọ̀rá dídì tó tó gíráàmù 21 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ọ̀sán kan péré ti kó ti odindi ọjọ́. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ se ẹran, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ìyọ̀ díẹ̀. Ẹ kó ẹran kúrò, kí ẹ gbé omi rẹ̀ sínú fìríìjì. Láàárọ̀, ọ̀rá á ti dì sójú rẹ̀ bí awọ. Ẹ fi ṣíbí ká a kúrò, kí ẹ sọ ọ́ nù. Bí kò bá sí iná, ẹ jẹ́ kí omi ẹran náà dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ máa fi ṣíbí bu ojú rẹ̀. Pọ̀nmọ́ tí gbogbo ènìyàn ń bú kò ní ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀. Ṣàkì tí a fọ̀ dáadáa náà kò burú. Ìfun àti ibi tí ọ̀rá funfun ti lẹ̀ mọ́ ẹran ni kí ẹ gé sọ nù kó tó wọ ìkòkò.

2. Ẹ lọ tàtàṣé aláwọ̀ ewé, ata rodo aláwọ̀ ewé àti àlùbọ́sà, kó má kúnná. Ẹ se é láìda epo sí i, títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń gba epo là. Ata tó ṣì ní omi lára ni a máa ń fi epo púpọ̀ dín kí omi tó gbẹ. Bí omi ti gbẹ ṣáájú, epo díẹ̀ tó.

3. Ẹ wọn ṣíbí epo pupa márùn-ún àti ṣíbí òróró ẹ̀pà márùn-ún fún ẹni mẹ́wàá náà. Ọ̀rá dídì tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá sílẹ̀ sí bíi gíráàmù mẹ́rin àbọ̀. Bí ẹ bá ní dandan ni kí epo jó, iná kékeré ni kí ẹ lò, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, nítorí epo tí kò pọ̀ máa ń gbóná kíákíá. Ní tèmi, n kì í jó o. Ọbẹ̀ á pọ́n díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ lọ, àwọn kan nínú ẹbí á sì ní kì í ṣe ayamase. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

4. Ẹ da àlùbọ́sà gígé sí epo, lẹ́yìn náà irú, kí ẹ má ṣahun irú, nítorí òun àti edé ló ń gbé adùn tí a rò pé epo ló ń gbé e. Ẹ wá da ata sí i, kí ẹ dín in títí òórùn tútù rẹ̀ á fi lọ. Ẹ bu omi ẹran tí ẹ ti ká ọ̀rá rẹ̀ kúrò sí i, kí ẹ kó ẹran sínú rẹ̀, kó jinná pọ̀. Magí kan ṣoṣo tó. Ìyọ̀ púpọ̀ ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru.

5. Ẹ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó bù ú. Epo tó bá sì tún léfòó, ẹ ré e kúrò.

Ìkọ́kọrẹ́, ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ̀bìrìpò

Ewùrà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò tó tó ẹni mẹ́rin kò nílò ju ṣíbí epo méjì sí mẹ́ta lọ, bí ẹja yíyan àti edé bá ti pọ̀ tó. Edé ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá dídì rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́. Ẹ̀bìrìpò, tí wọ́n fi ewé dì tí wọ́n sì sè, sàn ju ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n dín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀jọ̀jọ̀, òróró tuntun ni kí ẹ fi dín in, kó gbóná dáadáa kí ẹ tó jù ú sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó ro dànù nínú asẹ́.

Ẹran Iléyá àti Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, láàárín ìgbà náà ẹran kò wọ́n nílùú. Bí ẹ bá ń gé àgbò, ẹ bọ́ ọ̀rá tó wà nídìí kíndìnrín àti lẹ́yìn rẹ̀ kúrò nígbà tó ṣì tútù, ó rọrùn jù nígbà náà. Ìdajì ọ̀rá àgbò tàbí tó súnmọ́ ọn ló jẹ́ èyí tó ń dì. Ẹ se ẹran kí ẹ tó dín in, tàbí kí ẹ yan án, kí ọ̀rá rẹ̀ kán sínú iná. Òróró tí ẹ fi dín ẹran lánàá, ẹ má fi dín ti òní àti ti ọ̀la. Ẹ bọ́ awọ adìẹ kúrò. Nípa magarín àti pọfu-pọfu ẹ̀bá títì, ọ̀rá tràns (èyí tó máa ń jẹ yọ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá sọ òróró di líle) tó wà nínú àwọn kan nínú wọn burú ju ọ̀rá dídì lọ. NAFDAC ti fi òfin ṣe é láti 2022 pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù méjì lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá, nítorí náà ẹ ra èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC.

Kí la máa wá fi rọ́pò rẹ̀?

Bí ẹ bá yọ epo kúrò, tí ẹ sì fi búrẹ́dì funfun àti mínírà dí àyè rẹ̀, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan fún ọkàn yín. Ẹja ọlọ́ràá bíi títúsì àti ṣáwá, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà ni kó gba àyè náà. Fáíbà inú ẹ̀wà, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí ara kì í dà, máa ń bá wa fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù díẹ̀ jáde. Gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan àti omi tútù, láìsí ṣúgà, oúnjẹ ọ̀sán tó dára ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń fi ṣúgà kún un bí ẹni ń kún igbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Ìyàtọ̀ oúnjẹ máa ń hàn nínú LDL láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta. Bí kò bá lọ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kò túmọ̀ sí pé ẹ kò ṣe dáadáa. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan nílò oògùn láti ṣe iṣẹ́ yìí, dókítà á sì kọ statin fún wọn. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ epo. Bí àyà bá sì há ẹnikẹ́ni mọ́ra lójijì, tí irora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, ẹ má fún un ní oògùn ìgbóná àyà kí ẹ sì ní kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó ṣe òru tàbí ọ̀sán.