Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Tuntun: Bí Iná Ọkọ̀ Ṣe Ń Rìn

Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti tòmátò kì í sábà daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sẹ́rù. Ìdájí ọjọ́ ọjà gan-an ni ẹ óò yí kọ́kọ́rọ́, tí yóò dún "tíkẹ̀" lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì dákẹ́. Bátìrì tuntun ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ rà. Bẹ́ẹ̀, bátìrì náà lè má mọwọ́mẹsẹ̀. A kọ ìwé yìí kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ óò kọ́kọ́ wò kí owó tó jáde lápò.

Iná tó lọ gbọ́dọ̀ bọ̀

Fọ́ọ̀tì 12 ni bátìrì ọkọ̀ kékeré. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ òjé tí a rì sínú ásíìdì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yàrá kan sì ń mú fọ́ọ̀tì 2 àti díẹ̀ wá. (Ìjàpá àtijọ́, ìyẹn ọkọ̀ Fọ́sìwágìn kékeré, wà tó jẹ́ 6 péré. Ẹni tó bá wà á lóru rí mọ̀ pé àtùpà ni iná iwájú rẹ̀.)

Láti orí tó ní àmì +, iná ń gba inú wáyà lọ síbi iṣẹ́: gílóòbù, họ́ọ̀nù, rédíò. Ọ̀nà wo ló ń gbà padà? Irin ara ọkọ̀ ni. Wáyà dúdú tó nípọn láti orí tó ní àmì − ni wọ́n dè mọ́ irin ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, òun ni àwọn rewáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wàhálà máa ń fara pamọ́ sí. Tí ìdí ẹ́ẹ̀tì bá dógùn-ún, iná á lọ ṣùgbọ́n kò ní ráyè padà dáadáa, á sì máa wá ọ̀nà mìíràn gbà. Bí ẹ bá tẹ búréèkì, tí tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn wá ń tàn bàìbàì, ẹ má pààrọ̀ gílóòbù kankan. Ẹ tú ẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn, ẹ fi pépà tí wọ́n fi ń ha irin ha á, ẹ dè é padà kó le.

Kíkì, tí àwọn mìíràn ń pè ní sítáátà, ló ń jẹ iná jù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó fi ń yí ẹ́ńjìnnì, ó lè fa áńpíà (òṣùwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí gílóòbù iwájú kan ń fa bíi 5. Ìdí nìyí tí wáyà rẹ̀ fi nípọn bí ìka. Ìdí nìyí náà tí orí bátìrì tó dẹ̀ díẹ̀ fi lè jẹ́ kí rédíò máa kọrin, kí iná inú ọkọ̀ máa tàn, kí kíkì má sì mira rárá.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, bẹ́líìtì á máa yí ọ́tánétọ̀. Òun ni jẹnẹrétọ̀ inú ọkọ̀: ó ń bọ́ gbogbo iná, ó sì ń dá ohun tí kíkì jẹ padà fún bátìrì.

Ẹ fi mítà wò ó

Mítà kékeré tó ń ka fọ́ọ̀tì kò wọ́n tó bátìrì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ fi mítà kan orí méjèèjì. 12.6, ó ti yó. 12.2, ó wà ní ìdajì. Tó bá ti wọ 12 lọ sílẹ̀, ebi ń pa á. Ẹ wá jí ẹ́ńjìnnì: ó yẹ kí mítà gòkè sí bíi 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, ẹ yẹ bẹ́líìtì, ọ́tánétọ̀ àti wáyà rẹ̀ wò. Bátìrì tuntun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, ebi yóò pa òun náà. Bó bá kọjá 15, ọ́tánétọ̀ ń se bátìrì nìyẹn, omi inú rẹ̀ á gbẹ.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń gbé iná wá. Ọkọ̀ àtijọ́ lè fara dà á. Nínú ọkọ̀ tó ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, iná lè fò sókè lójijì kó jó o. Mítà ti sọ ohun kan náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Orí bátìrì àti fíùsì

Ẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù lórí bátìrì máa ń dí iná lọ́nà. Orí dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Bí dúdú bá ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà tí ẹ fi ń tú orí pupa (èyí tó ní àmì +) ṣèèṣì kan irin ọkọ̀, iná á ta yàà. Ẹ fi káún tí ẹ pò mọ́ omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nítorí káún ń pa agbára ásíìdì. Kó má ṣáà wọnú yàrá bátìrì. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ dè é, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí. Bí ásíìdì bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbéra lọ sílé ìwòsàn.

Fíùsì la yàn láti kú kí wáyà má bàa jó. Nínú àwọn fíùsì pẹlẹbẹ, pupa jẹ́ áńpíà 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, aláwọ̀ ewé 30. Nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú èyí tó jó ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀ ti sọ wáyà abẹ́ dáṣíbọọ̀dù di fíùsì. Bí fíùsì tuntun bá tún jó, ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti bó, tó ń kan irin. Lóko, eku ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ọkọ̀ tó bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká àgbàdo, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó móoru dilé nìyẹn.

Bátìrì ọkọ̀ nínú ilé

Àwọn kan máa ń gbé bátìrì ọkọ̀ wọlé fún ínfátà. Pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n ṣe é kó lè tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ́tánétọ̀ sì tètè dá a padà. Bí ẹ bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́ fún fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kì í pẹ́ kú. Èyí tí wọ́n kọ deep cycle sí lára, tí wọ́n ṣe kó lè fara da fífà gbẹ léraléra, ni kí ẹ béèrè lọ́jà.