Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Ìjì Hurricane Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston tàbí ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé báyìí, fídíò ìjì tó ń ká òrùlé á máa ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n yà á. Ìyá àgbà kò ní lè sùn, bẹ́ẹ̀ ìjì tí wọ́n ń wí lè má dé ìtòsí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé rárá. Ẹni tó bá ní fóònù, dátà díẹ̀ àti bébà kan lè mọ ibi tí ìjì wà gan-an. Bí a ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ mọ àsìkò, ẹ mọ aago

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì Òkun Àtìláńtíìkì ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá. Nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ló máa ń gbóná jù.

Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti máa gba ìròyìn: National Hurricane Center, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì, tó wà ní Miami; ìkànnì wọn ni nhc.noaa.gov. Bí ìjì bá ti wà lójú òkun, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ní aago tiwa, ìyẹn jẹ́ mẹ́wàá àárọ̀, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́ àti mẹ́rin ìdájí. Bí wọ́n bá ti kéde ìkìlọ̀ fún etíkun kan, wọ́n tún máa ń fi ìròyìn kún un láàárín, ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Nítorí náà, kò sídìí láti máa ṣí fóònù ní gbogbo ìṣẹ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ wo apá ọ̀dọ̀ wa

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹ ṣáà ń rí i bí òjò alátẹ́gùn ṣe máa ń ṣú bọ̀ láti apá Ìlọrin, tó máa ń gba orí wa kọjá lọ sí apá Ìsẹ́yìn. Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ òkè máa ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì máa ń ru bí ìgbì. Ìgbì afẹ́fẹ́ yìí ń gba Àríwá Nàìjíríà, Niger àti Mali títí dé Senegal, kó tó bọ́ sójú òkun. Nǹkan bíi 60 ló ń ti Áfíríkà bọ́ sókun lọ́dún. Púpọ̀ nínú wọn ló ń kú síbẹ̀. Èyí tó bá bá omi tó gbóná tó 26.5°C pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì fà á ya, ló ń di ìjì. Nínú ìjì ńlá mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ pé irú ìgbì yìí ló bí i.

Nítorí náà, nínú oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, ẹ wo máàpù ọlọ́jọ́ méje ti National Hurricane Center, láti etíkun Senegal dé erékùṣù Cape Verde. Àwọ̀ yẹ́lò túmọ̀ sí pé kò dájú pé ìjì máa ṣẹ̀ níbẹ̀, ọ́ńréǹjì túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe díẹ̀ sí i, pupa ni kí ẹ mójú tó.

Ẹ fọwọ́ ara yín sàmì sí i

Ẹ wá máàpù òfìfo tí wọ́n ń pè ní tracking chart lórí ìkànnì wọn, kí ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Under G tàbí níbikíbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ẹ fi bírò pupa sàmì sí ìlú èèyàn yín. Houston wà ní 29.8N 95.4W, Miami wà ní 25.8N 80.2W. N ni àríwá, W ni ìwọ̀ oòrùn.

Ká ní ìròyìn aago mẹ́wàá àárọ̀ kọ 14.0N 45.0W. Ẹ wá ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n kọ 14.3N 46.8W. Ìjì ti sún ìwọ̀n (degree) 1.8 sí ìwọ̀ oòrùn. Ní apá ibẹ̀ yẹn, ìwọ̀n kan tó bíi kìlómítà 108, nítorí náà ó ti rin nǹkan bíi kìlómítà 195 ní wákàtí mẹ́fà, ìyẹn bíi 32 ní wákàtí kan. Kí ẹ tó sàmì bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀nà tó ń tọ̀ á ti hàn sí yín. Bí N bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kíákíá, tí W ò sì kúrò lójú kan, ìjì ti ń yà sí àríwá nìyẹn, irú rẹ̀ sì lè yí padà lójú òkun láì kan ilẹ̀.

Kóònù funfun nì

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Kóònù ni àwòrán funfun tó ń fẹjú lọ síwájú lórí máàpù wọn, kì í ṣe ìtóbi ìjì. Ibi tí àárín ìjì lè gbà láàárín ọjọ́ márùn-ún ló ń fi hàn, wọ́n sì fi àṣìṣe àsọtẹ́lẹ̀ ọdún márùn-ún wọn ṣírò rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹ̀ẹ̀mejì ni àárín ìjì máa ń dúró sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi lè jáde kọjá etí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má tẹjú mọ́ ìlà tó gba àárín kóònù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ìlà náà kọjú sí apá Tampa ní Florida nígbà tí ìjì Ian ń bọ̀, ni ìjì bá yà sí ìlà oòrùn, ó gúnlẹ̀ nítòsí Fort Myers, ní gúúsù Tampa, ní ọjọ́ 28, omi òkun sì ya wọlé.

Nọ́ńbà ìpele kò sọ tán

Láti kìlómítà 119 ní wákàtí kan ni wọ́n ti ń pe ìjì ní hurricane, ìpele 1 nìyẹn; 252 sókè ni ìpele 5, tó ga jù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni nọ́ńbà yìí ń wọ̀n. Ìpele 1 péré ni ìjì Beryl wà nígbà tó dé Texas ní oṣù Keje 2024, síbẹ̀ ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná lọ fún. Ìjì Harvey kò tiẹ̀ sí ní ìpele kankan mọ́ nígbà tó rọ òjò rẹ̀ sórí Houston ní 2017. Ó kàn dúró sójú kan ni, omi sì gba ìlú.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pè

Bí ìlú wọn bá ti bọ́ sínú kóònù, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀: Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ kúrò ní àdúgbò yín? Ṣé epo kún mọ́tò? Ọ̀dọ̀ ta lẹ ń lọ? Bí ìjọba ibẹ̀ bá ti ní kí wọ́n kúrò, ẹ bá wọn tẹnu mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ òbí máa ń wọlé ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ.

Bí ìjì bá ti gúnlẹ̀, ẹ dín ìpè kù, kí bátìrì wọn lè pẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá. Kí ẹ sì máa sàmì lọ o, torí òjò ìjì lè wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà: Florida ni ìjì Helene gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ba Asheville jẹ́ ní North Carolina, láàárín àwọn òkè.