Bí a ṣe ń sin ẹja wẹ́wẹ́ nínú dígí títí ọmọ wọn fi dàgbà

Ìbímọ kì í ṣòro fún ẹja gọ́pì. Ẹ kó akọ àti abo sínú omi kan náà, kí oṣù kan tó pé tàbí kó lé díẹ̀, abo á ti bímọ. Ohun tó ń dunni ni pé ọmọ ogójì tí ẹ rí lálẹ́ lè ku mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá wọn gan-an ló jẹ wọ́n. Nítorí náà, bí ọmọ ẹja ṣe máa yè ni mo fẹ́ gbájú mọ́ níbí.

Gọ́pì la máa fi bẹ̀rẹ̀ torí pé ọmọ ààyè ló ń bí. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò kan danio abilà, tó ń yé ẹyin.

Omi ṣáájú ẹja

Táńkì dígí tó gba 40 lítà tó fún akọ kan àti abo méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wá òmíràn tó gba bíi 20 lítà sílẹ̀ de àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra táńkì àti ẹja lọ́jọ́ kan náà, ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Omi ló ń pa wọ́n. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, amóníà sì ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà léwu. Àwọn mìíràn á tún sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Inú fóòmù asẹ́ omi ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ bu omi sí táńkì, ẹ gbé asẹ́ onífóòmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń gbé ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ bíi pé ẹja wà níbẹ̀. Ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Ọjọ́ tó bá fi hàn pé amóníà jẹ́ 0, nitrite jẹ́ 0, tí nitrate sì ti yọjú, omi yín ti ṣe tán. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti ní táńkì tipẹ́, tí ara ẹja rẹ̀ dá, ẹ tọrọ fóòmù kan nínú asẹ́ rẹ̀. Ìyẹn máa ń dín ọjọ́ ìdúró kù gan-an. Asẹ́ onífóòmù ni mo fẹ́ràn jù lọ, torí asẹ́ onímọ́tò máa ń fa ọmọ ẹja wọlé.

Omi ẹ̀rọ sábà máa ń ní klorínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìfojúrí inú omi, tó sì léwu fún ẹja. Bí ẹ bá bu ú sínú ike tí ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24, klorínì á fò lọ. Àmọ́ chloramine, oògùn tó jọ klorínì, ni wọ́n ń lò níbòmíràn, ìyẹn kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń tà fún omi ẹja ló ń ká a. Gọ́pì fẹ́ràn omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 24 sí 27°C, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) jẹ́ 7 sí 8, tó sì ní èròjà inú àpáta díẹ̀, irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀.

Yíyan akọ àti abo

Akọ kéré, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, ìrù rẹ̀ gùn. Abo tóbi jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ kò sì tàn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ wo lẹbẹ abẹ́ ikùn lápá ẹ̀yìn: ti akọ rí tín-ín-rín bí ọ̀pá, ti abo sì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Akọ kì í yéé lé abo kiri, ìdí nìyẹn tí abo fi gbọ́dọ̀ pọ̀ jù ú lọ kí wàhálà náà lè pín. Ẹ má ṣe yan èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, torí ọmọ lè jogún rẹ̀.

Abo gọ́pì lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó sì máa fi bímọ láìrí akọ mìíràn. Torí náà, bí ẹ bá ń retí ọmọ tó máa jọ akọ tí ẹ fara balẹ̀ yàn, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí abo kọ́kọ́ bí nílé yín lè jẹ́ ti akọ tó bá gbé tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí abo bá lóyún

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni oyún sábà máa ń gbà. Àmì dúdú kan wà ní ìsàlẹ̀ ikùn abo nítòsí ìdí. Bí oyún ṣe ń dàgbà ló ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí ikùn bá yọ gọngọ síwájú, tí abo ń dá dúró ní kọ̀rọ̀, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, ìbímọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan máa ń há abo mọ́ inú àpótí ìbímọ kékeré oníke. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ibẹ̀ fún jù, ìpayà sì lè mú kó bí ọmọ tí kò tíì gbó. Ewé ni mo gbọ́kàn lé. Ojú oró tó ń lékè omi yẹn ní gbòǹgbò tó pọ̀ bí irun lábẹ́, inú rẹ̀ ni ọmọ tuntun ń sá wọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó má bàa gbé ìgbín wọlé, kí ẹ jẹ́ kó bo bí ìdajì ojú omi, kí ẹ sì fi ìdì Java moss kan (ewéko wẹ́wẹ́ inú omi) sísàlẹ̀.

Abo tó ti dàgbà lè bí 20 sí 50 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí kì í sábà bí tó bẹ́ẹ̀. Ní kété tí ẹ bá rí wọn, ẹ fi ife bù wọ́n pẹ̀lú omi, torí àwọ̀n lè ṣe wọ́n léṣe, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí táńkì kejì. Omi táńkì àgbà ni kí ẹ ti bù síbẹ̀, kí ara wọn má bàa gbọ̀n rìrì nínú omi àjèjì.

Oúnjẹ ọmọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ọmọ. Ikùn wọn kéré, kò lè gba oúnjẹ tó máa mú wọn di ọ̀la. Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún lójúmọ́, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì péré. Oúnjẹ ẹja gbígbẹ tí ẹ fi ìka lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú dára, àmọ́ kò sí èyí tó ń mú wọn dàgbà bí artemia (ẹ̀dá omi iyọ̀ kékeré tó jọ edé) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Báyìí la ṣe ń pa á: ẹ po bíi gíráàmù 25 iyọ̀ mọ́ omi lítà kan nínú ìgò, ẹ da ẹyin artemia bí ìdajì ṣíbí ìpotíì sí i, ẹ ki rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí omi lè máa ru, kí ẹ sì gbé e síbi tó mọ́lẹ̀, tó móoru dé bíi 27°C. Láàárín wákàtí 24 sí 36 wọ́n á ti pa. Ẹ pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ tan iná sí ìsàlẹ̀ ìgò. Èèpo á léfòó, artemia á sì wọ́ tọ iná lọ bí èéfín pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á sórí aṣọ tí ojú rẹ̀ ṣe wẹ́wẹ́, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ sì fún ọmọ ẹja lójú ẹsẹ̀, torí oúnjẹ inú ara artemia ń dín kù bí wákàtí ṣe ń lọ.

Àwọn kan ń lo pupa ẹyin adìẹ sísè. Ẹja ń jẹ ẹ́, àmọ́ bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, omi á rà. Tanwíji dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹja àgbà ni kí ẹ fún. Ó tóbi ju ẹnu ọmọ lọ.

Oúnjẹ púpọ̀ túmọ̀ sí ìdọ̀tí púpọ̀. Ẹ máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde lọ́jọ́ méjì méjì, kí ẹ sì fi omi tuntun tí ooru rẹ̀ dọ́gba rọ́pò bí ìdá kan nínú márùn-ún omi náà. Bí fóòmù bá dọ̀tí, omi táńkì tí ẹ fà jáde ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Omi oníklorínì á pa bakitéríà inú rẹ̀.

Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹbẹ á ti fi akọ hàn. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ nígbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àbúrò á gboyún fún ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, ẹ mú akọ láti ibòmíràn wọlé. Bí ẹja bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe dà á sódò láé. Trinidad àti àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni gọ́pì ti wá. Wọ́n kó o lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti máa jẹ tanwíji, ó sì ń da ẹja onílẹ̀ láàmú ní ibi púpọ̀.

Danio abilà

Ìdàkejì gọ́pì ni èyí: ó ń fọ́n ẹyin ká, á sì yí padà jẹ wọ́n. Ẹ to òkúta róbótó tàbí na àwọ̀n sí ìsàlẹ̀ táńkì kékeré, kí ẹyin lè bọ́ síbi tí ẹnu àgbà kò tó. Ẹ gbé abo kan tí ikùn rẹ̀ yọ àti akọ méjì sínú rẹ̀ lálẹ́, ẹ pa iná. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ni wọ́n máa ń yé. Tó bá di ọ̀sán, ẹ kó àgbà kúrò. Nínú omi 28°C, ẹyin á pa lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta. Ẹ yọ èyí tó bá funfun, ó ti kú. Oúnjẹ inú àpò ikùn ni ọmọ máa kọ́kọ́ lò. Láti bí ọjọ́ karùn-ún, tí wọ́n bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ẹ fún wọn ní omi tí ewé jíjẹrà ti mú kún fún kòkòrò àìfojúrí, torí ẹnu wọn kò tíì gba artemia. Ó máa di bí ọjọ́ kẹwàá kí ẹ tó fi artemia lọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá rí i tí ikùn wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti wọlé.