Bí Mo Ṣe Ń Mú Wáìnì Funfun Tutù ní Gwarinpa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da yìnyín sínú ife. Sauvignon Blanc, ìyẹn wáìnì funfun tí wọ́n fi àjàrà Constantia, nítòsí Cape Town, ṣe, kì í ṣe ọtí yẹpẹrẹ. Afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun ní False Bay kì í jẹ́ kí àjàrà ibẹ̀ tètè pọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kó kan díẹ̀, kí òórùn rẹ̀ sì máa ta sánsán. Yìnyín á kàn bomi là á ni.

Nínú ooru oṣù Kẹta, tí iná tún ti lọ, mo máa ń po yìnyín àti omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màá bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i, màá ri ìgò náà dé ọrùn. (Ìyá ọkọ mi bi mí pé ṣé mo fẹ́ se ìgò lọ́bẹ̀ ni.) Ìṣẹ́jú 15 ti tó. Ẹja yíyan ni kí ẹ fi tì í, kí ata má pọ̀.