Ẹ Má Fọ Táǹkì Ẹja Bí Ẹni Fọ Ìkòkò: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Omi Ẹja Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ ẹja tó ń kú nínú táǹkì gíláàsì ní Ìkòròdú níbí, ìmọ́tótó olówó wọn ló ń pa wọ́n. Tó bá di Sátidé, wọn á kó ẹja sínú abọ́, wọn á da gbogbo omi nù, wọn á fi ọṣẹ fọ gíláàsì, òkúta àti fóòmù inú fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi) títí á fi máa dán, wọn á wá rọ omi tuntun sí i. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ẹja ti ń yọ ẹnu sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn á ní ẹni tó ta ẹja fún wọn ní Sábó ló rẹ́ wọn jẹ.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di àmóníà, májèlé sì ni. Bakitéríà kan, ìyẹn kòkòrò tíntín tí ojú kò lè rí, wà tó ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tóun náà ṣì lóró. Òmíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kì í pa ẹja lára àfi tó bá pọ̀ jù. Ara fóòmù àti òkúta ni wọ́n ń gbé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú omi. Ohun tó ń yọ̀ lára fóòmù tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ìdọ̀tí, àwọn ló pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n dànù, kò sẹ́ni tó máa pa oró àmóníà mọ́. Nínú táǹkì tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí ẹja 2 tàbí 3 fi tó bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ omi táǹkì, ẹ tọ́jú omi tuntun sílẹ̀ láti àná. Omi bóhólù àdúgbò wa sábà máa ń mọ́ lójú tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á pọ́n. Irin inú rẹ̀ ló pàdé afẹ́fẹ́. Ẹ dà á sínú báàfù tó fẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ bu èyí tó tòrò lókè, kẹ́ ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi), ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24. Omi ọ̀sà Èbúté ńkọ́? Rárá o. Iyọ̀ máa ń wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀rùn, ẹ ò sì mọ àrùn tó bá a wá.

Tí bébà ìdánwò omi bá fi hàn pé pH (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó) kò tó 6.5, ẹ má wá oògùn olówó ńlá. Ẹ se ìkarahun ìṣáwùrù, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa láìlo ọṣẹ, ẹ dì í sínú àwọ̀n, ẹ jù ú sínú táǹkì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Tí pH bá ti tó 7, ẹ má fi ìkarahun kún un mọ́.

Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Táǹkì lítà 60, lítà 15 lẹ máa fà jáde. Rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ràn jù, kò wọ́n, ẹ sì lè máa rí ìdọ̀tí bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ rọ omi kún un, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu méjèèjì, kẹ́ ẹ tó ri ẹnu kan sáàárín òkúta, kẹ́ ẹ ki èkejì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí ọwọ́. Ẹ má fi ẹnu fà á. Ewédú fẹ́ràn omi tó bá jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí. Inú omi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde ni kẹ́ ẹ ti fún fóòmù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó ti tó. Kò gbọdọ̀ funfun. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ní kílórínì, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, ẹ má fi bílíìṣì kàn án.

Ẹ má tún òkúta fọ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún fóòmù. Tí fóòmù bá jẹ́ méjì, ẹ fún ọ̀kan lóṣù yìí, kẹ́ ẹ fi èkejì di oṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá gbó tó fẹ́ já, ẹ fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹja gbọ́dọ̀ dá wà. Ẹ kọ "ẸJA" sí i lára gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ aṣọ.

Oúnjẹ: èyí tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ gbé agolo rẹ̀ sókè níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Tí NEPA bá mú iná lọ, bakitéríà inú fílítà ò ní rí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi dára. Tí kò bá sí, ẹ máa fi ife bu omi táǹkì kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ. Tí iná bá lọ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ má kàn tan fílítà padà. Ẹ da omi tó ti kan nínú rẹ̀ nù, ẹ fún fóòmù nínú omi táǹkì díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tan án.