Bí mo ṣe tọpa omi ẹ̀rọ Liverpool dé orísun ẹ̀

Ó pẹ́ tó ti ń wù mí láti mọ ibi tí omi tí à ń pọn lẹ́nu ẹ̀rọ ní Liverpool ti ń wá, ni mo bá dìde sí i. Láìbìrì ńlá àárín ìlú ni mo kọ́kọ́ lọ, torí téèyàn bá sáré lọ wo dáàmù láì kàwé nípa ẹ̀, òkúta àti omi lásán ló máa rí. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé odò Vyrnwy ní Wales ni wọ́n dí, àwọn aláṣẹ ìlú Liverpool gbàṣẹ nílé aṣòfin ní 1880, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1881, wọ́n kọ́ dáàmù tán ní 1888, síbẹ̀ ó tún gba ọdún mélòó kan kí omi tó dé ìlú, ọ̀nà ẹ̀ lé ní 100 kìlómítà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Llanwddyn, abúlé tó wà níbi tí adágún tí dáàmù náà dá sílẹ̀ wà báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ọtí 3, ilé 37, ilé àwọn àgbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni omi bò. Wọ́n tiẹ̀ hú òkú inú itẹ́, wọ́n lọ tún un sin sí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n kọ́. Ó yẹ kí gbogbo àwa tí à ń mu omi náà mọ̀ ọ́n.

Mo wá wakọ̀ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ìlú kékeré Llanfyllin, torí ibẹ̀ ni rélùwéè ń já sìmẹ́ǹtì sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù, kí ẹṣin tó wọ́ ọ lọ síbi iṣẹ́, àánú àwọn ẹṣin yẹn sì ṣe mí nígbà tí mo rí òkè tó wà lọ́nà.

Mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí dáàmù. Òkúta ràbàtà tí kò dọ́gba ni wọ́n tò jọ, ewédò ti hù láàárín wọn. Òun ni dáàmù ńlá olókùúta àkọ́kọ́ ní Britain. Thomas Hawksley àti George Deacon ni ẹnjiníà ẹ̀, Hawksley kúrò ní 1885, Deacon ló parí ẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọ́n ṣe ojú ọ̀nà sínú ẹ̀ kí omi tó bá yọ́ wọ abẹ́ lè ráyè jáde, torí irú omi bẹ́ẹ̀ lágbára láti ti dáàmù kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo ilé gogoro inú adágún, níbi tí wọ́n ti ń fi asẹ́ onírin sẹ́ omi kó tó wọ páìpù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ lẹ́yìn òjò púpọ̀, torí ìgbà tí adágún bá kún nìkan lomi máa ń gba orí dáàmù wá sílẹ̀.