Ta Ló Bi Yín ní Pépà? Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Ọmọ Sílé-ìwé ní Houston

Èmi ni mo máa ń gba orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Yorùbá pọ̀ ládùúgbò yìí bí eṣú. Tó bá ti di oṣù Kẹjọ, bàbá kan á jókòó, á to ìwé síwájú mi, á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, pépà wa ò tíì jáde o." Ìwé ìgbélùú ni wọ́n ń pè ní pépà. Èsì mi kì í yí padà: "Ta ló bi yín, Bàbá Ṣadé?" Mi ò bi wọ́n, mi ò sì gbọdọ̀ bi wọ́n. Ohun tí wọn ò bá bi yín, ẹ má sọ. Ohun tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ yín, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹ̀tọ́ tí gbogbo ọmọ ní láti lọ sílé-ìwé ọ̀fẹ́, ó ní pépà o, kò ní o, ò ṣàdédé wà. Ní 1975, ìjọba Texas ṣòfin pé àwọn ò ní náwó lórí ọmọ tí kò wọ̀lú lọ́nà òfin. Nígbà tó di 1977, àwọn ilé-ìwé ìlú Tyler, ní ìlà-oòrùn Texas níbí, ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san $1,000 lọ́dún. Àwọn òbí kan tó wá láti Mẹ́síkò pè wọ́n lẹ́jọ́. Adájọ́ William Wayne Justice fi ìjókòó sí aago mẹ́fà ìdájí kí ojú má baà pọ̀ lára wọn, àwọn kan nínú àwọn òbí náà sì di ẹrù sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó lọ, torí wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n máa padà sílé. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 1982 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Plyler v. Doe: ìpínlẹ̀ kankan ò lè ti ọmọ mọ́ta ilé-ìwé ọ̀fẹ́ nítorí pépà. Àwọn olóṣèlú kan ń lérí pé àwọn máa yí i dà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, òun ni òfin.

Ó ku ohun tí ẹ máa mú wá. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ti National Population Commission tàbí ti ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ náà ṣeé lò láti fi mọ̀ ọ́n. Èsì ìdánwò ilé-ìwé tó ti ń bọ̀. Bí ìyẹn ò bá tíì dé láti ilé, a máa ń gba ọmọ wọlé, ẹ sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi wá a. Yẹ́lò káàdì tí gbogbo yín ń gbé wá yẹn, ẹ fi sílé. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe òun la fẹ́. Káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí láti ìgbà tí ẹ ti bí ọmọ ni ká rí, èyí tó ní pólíò àti mísù (measles). Kódà bó pé, abẹ́rẹ́ ṣì máa ṣẹ́ kù, torí wọn kì í sábà fún ọmọ ní ti ilẹ̀ẹ́gbóná wẹẹrẹ (chickenpox) nílé. Ọmọ tí kò ní ìnṣọ́ránsì ń rí i gbà nípasẹ̀ ètò Vaccines for Children, wọn ò ní gba owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín.

Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà Social Security ọmọ, bí kò bá ní, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ilé-ìwé máa fún un ní nọ́ńbà ti ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ má lọ yá ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Mo ti rí i.

Bí ẹ bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bíìlì iná onílé àti lẹ́tà rẹ̀ tí ó buwọ́ lù máa ń tó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àìríbi-gbé ló sọ yín di ẹni tó ń sùn sí pálọ̀ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Òfin McKinney-Vento ní kí ilé-ìwé gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ìwé kan ò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì bójú tó bó ṣe máa rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹnì kan wà ní gbogbo ẹkùn ilé-ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí. Ẹ ní kí wọ́n pè é.

Wàyí o, fọ́ọ̀mù kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn èèyàn mi: èyí tó béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Ẹ ti ń bá ọmọ sọ Yorùbá láti ẹnu ọ̀nà, "jókòó dáadáa, má fọwọ́ kan nǹkan àǹtí," bí bírò bá dọ́wọ́ yín báyìí, ẹ kọ "English". Ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n máa gbé ọmọ sí kíláàsì àwọn olódo. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ kọ Yorùbá. Wọ́n máa dán an wò. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá dán mọ́rán, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Bí kò bá tíì dán, wọ́n gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, torí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1974 nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà ní San Francisco. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ìrànwọ́ náà, ẹ lè kọ̀wé kọ̀ ọ́. Ògbufọ̀ fún ẹ̀yin òbí náà jẹ́ ẹ̀tọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Màmá tó bá wá láti ilé wá bá yín tọ́jú ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa túmọ̀ fún un ohun tí tíṣà ń sọ nípa ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ohun tó wù ú ló máa sọ.

Fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀sán ò béèrè físà. Nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn Social Security àgbàlagbà kan ló béèrè, àpótí kékeré kan sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Ẹ fàmì sí i. Fọ́ọ̀mù kejì tí ẹ kì í kà ni ti "directory information". Òfin FERPA bo àkọsílẹ̀ ọmọ láṣìírí, àmọ́ ilé-ìwé lè fún ẹlòmíràn ní orúkọ àti àdírẹ́sì bí ẹ ò bá kọ̀wé pé ẹ ò fẹ́. Ẹ kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Lórí káàdì ìpè pàjáwìrì, ẹ kọ orúkọ èèyàn méjì tí pépà wọn dúró, tí wọ́n sì máa ń gbé fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ìwé tí òfin ẹbí Texas fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, tí òbí fi ń fún ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ láṣẹ láti mú ọmọ lọ sílé-ìwé àti sí ọsibítù bí òbí ò bá sí nílé. Iwájú nótárì lẹ ti máa buwọ́ lù ú. Ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún èyí tí ẹ bí síbí náà.

Àwọn ọmọ yín tó ti dàgbà ńkọ́? Texas ló kọ́kọ́ fàyè gba ọmọ tí kò ní pépà láti san iye owó ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san ní yunifásítì, ní 2001. Adájọ́ àpapọ̀ kan dá a dúró ní oṣù Kẹfà 2025. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ bi lọ́yà léèrè ibi tí ọmọ yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí wọ́n bí síbí lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ilé-ìwé gíga lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, fúnra rẹ̀, bí òbí rẹ̀ ò tilẹ̀ ní Social Security, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni orúkọ yín ń lọ bá, torí náà lọ́yà kọ́kọ́. Ẹ̀yin tó wọlé pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́: iṣẹ́ wákàtí ogún lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé ń lọ, nínú ọgbà ilé-ìwé. Owó irun dídì àti iṣẹ́ alẹ́ ní group home (ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìlera) ti ba físà ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Lọ́yà wo? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù nínú ọkọ̀, kì í sì í ṣe nótárì. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì State Bar of Texas, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Gbígba fọ́ọ̀mù USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú, ọ̀fẹ́ ni. Catholic Charities ní Houston ń gba ẹjọ́ ìmígíréṣọ̀n, ilé-ẹ̀kọ́ òfin University of Houston náà ní kílíníìkì tirẹ̀, Tahirih Justice Center sì wà fún obìnrin tó sá fún ìlùkulù. Ẹ tètè dé, torí èrò pọ̀.

Bí ICE, àwọn agbófinró ìmígíréṣọ̀n, bá kan ilẹ̀kùn, ẹ má ṣí i. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé wọn hàn láti ojú fèrèsé tàbí kí wọ́n tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ wá ibi tí adájọ́ ti buwọ́ lù ú. Ẹ lè dákẹ́. Ẹ má purọ́, ẹ má sì fi ìwé ayédèrú hàn.

Èyí tó ń pa wá jù lọ ni kíkó kiri láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ẹlòmíràn. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá láti sọ àdírẹ́sì tuntun fún USCIS lórí fọ́ọ̀mù AR-11, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni ti kóòtù ìmígíréṣọ̀n, lórí fọ́ọ̀mù EOIR-33. Bí lẹ́tà kóòtù bá lọ sílé àtijọ́, tí ẹ ò yọjú, adájọ́ lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn yín. Ẹ máa pe 1-800-898-7180, nọ́ńbà kóòtù náà, ẹ tẹ A-number yín (nọ́ńbà ìmígíréṣọ̀n tó wà lórí ìwé yín), ọjọ́ ẹjọ́ máa jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa pè é ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kódà bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ náà sórí.